Àkèré Tó Fi Orin Pe Òjò

Ààlọ́ o! Ẹ dáhùn kó dún: Ààlọ̀! Àlọ́ mi já sórí Àkèré, lórí pápá koríko kan lókè òkun.

Àkèré gbẹ́ yàrá sínú ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yé ẹyin síbẹ̀ nínú ìhó funfun bíi tọṣẹ, ó lọ. Ẹyin pa, ṣùgbọ́n bí òjò kò bá rọ̀, àwọn ọmọ á gbẹ. Àkèré bá kọrin. Ẹ gbè é:

Òjò o, wá gbọ́mọ rodò.
Wá gbọ́mọ rodò.

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, atẹ́gùn lásán ló fẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, Tata tó bà sórí koríko ní, “Bàbá Àkèré, àbí òjò di adití ni?” Lẹ́ẹ̀kẹta, òjò dé, ó gbé gbogbo ọmọ lọ sódò.

Àkèré ṣì ń kọrin.

Tata ní, “Òjò yín ti dé. Kí lẹ tún ń fẹ́?”

“Mo ní kó gbé wọn lọ. Mo gbàgbé láti ní kó dá wọn padà.”

Ibẹ̀ ni mo fi Àkèré sí, lẹ́nu ihò rẹ̀.