Ilé Àkọ́kọ́ àti Ìyá Tó Ń Dáná Nínú Rẹ̀

Èmi kò mọ nǹkan kan nípa ilé kíkọ́, n kò sì mọ̀ nípa ìtàn. Iwájú ni mo máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé etí mi kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ìdajì ohun tí mo bá sì gbọ́ níbẹ̀ ni mo máa ń gbé délé. Bí o bá ń wá ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, àwọn tó wọ aṣọ gígùn wà níbẹ̀, lọ bá wọn. Tèmi kò ju kinní kékeré kan lọ.

Ọkùnrin kan wà tó ń tọ́jú ilé. Kì í ṣe ilé tirẹ̀ o. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ni, tí àwọn oníwàásù dá sílẹ̀ lábẹ́ òkè kan ní apá Àkókó, láyé ìgbà tí ẹni tó bá lè ka Sáàmù mẹ́ta láìkọsẹ̀ ti tó olùkọ́ ṣe. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò tóbi rí. Lọ́dún tó kún jù lọ, ọgọ́fà akẹ́kọ̀ọ́ ló ní, ìjọ sì dúpẹ́ títí bí ẹni pé gbogbo ayé ti gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ilé mẹ́ta tó ti pẹ́: ilé ìsìn olókùúta, ilé aago tí aago rẹ̀ ti là tó sì ń dún bí ẹni ń lu abọ́ páànù, àti Ilé Àkọ́kọ́.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni Ilé Àkọ́kọ́. Òun ni wọ́n kọ́ kí wọ́n tó kọ́ ohunkóhun mìíràn. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé oòrùn ọ̀sán kì í dé inú rẹ̀, igi àjà rẹ̀ sì gùn láti orí dé ìdí láìní oríkèé. Òyìnbó oníwàásù ń gbé òkè, wọ́n ń dáná ní ìsàlẹ̀, lápá ẹ̀yìn. Òyìnbó lọ, ọ̀gá àgbà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa dé. Ìjọba gba ilé-ìwé, ó tún dá a padà nígbà tó sú u. Ilé ìdáná kò kúrò níbi tó wà. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń ru ìtì igi kan wá láti ẹsẹ̀ òkè, ẹni tí kò bá sì mú igi wá kò ní jẹun lọ́jọ́ Àìkú, ìbáà jẹ́ ọmọ bíṣọ́ọ̀bù.

Ọkùnrin yìí ti kọ́ni ní ìtàn níbẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó fẹ̀yìntì, wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú àwọn ilé àtijọ́, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá a dù. Tíṣà Ìtàn ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Kánádà, ó máa ń pè é lọ́jọ́ ọdún Kérésì, á béèrè bóyá òjò ń rọ̀. Tíṣà mọ orúkọ ẹni tó po amọ̀ Ilé Àkọ́kọ́. Ó mọ ẹni tó ru òkúta igun, ó mọ iye ọjọ́ tí òjò fi dá iṣẹ́ dúró. Bí o bá ṣèèṣì kí i pé ẹ káàárọ̀, oúnjẹ tó o gbé kaná nílé yóò jóná.

Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ẹnu rẹ̀ ń sinmi. Nígbà yẹn ni yóò wọ ilé ìdáná lọ, tí yóò jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Obìnrin tó ń dáná níbẹ̀, opó bíi tirẹ̀ ni, Ìyá Bọ́dìńgì ni wọ́n ń pè é. Kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tó lè bá a tahùn síra. Ọlọ́dẹ ilé-ìwé máa ń wà níbẹ̀, àti baba arúgbó tó ń tẹ dùùrù ní ilé ìsìn, àti àwọn ìyàwó olùkọ́ méjì tí wọ́n ní iná àwọn kì í tètè ràn.

"Tíṣà, àwọn òkú yín ńkọ́?" ni Ìyá Bọ́dìńgì máa ń sọ. "Ṣé wọ́n jí dáadáa?"

"Ìyá Bọ́dìńgì, ẹ má fi àwọn baba wa ṣẹ̀sín."

"Ta ló fi wọ́n ṣẹ̀sín? Mo ní bóyá ebi ń pa wọ́n ni. Gbogbo ọjọ́ lẹ̀ ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ ò gbé abọ́ kan fún wọn rí. Ẹ gba ẹ̀bẹ yín, jàre. Ẹ rọra fẹ́ ẹ o, kó má lọ bó ahọ́n ìtàn."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Tíṣà á fajú ro, á sì jẹ ẹ̀bẹ náà tán, á fi ìka nu abọ́. Èèyàn tó bá rí i níbẹ̀ lè rò pé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò pa ìrọ̀lẹ́ kan jẹ rí.

Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún, alága ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wá láti Èkó láti yẹ ilé wò. Ó wọ bàtà funfun, ó ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni ń rìn láàárín ẹyin. Tíṣà mú un ká. Ó fi ilé ìsìn hàn án, ó fi ilé aago hàn án, ó mú un wọ Ilé Àkọ́kọ́. Alága gbójú sókè wo àjà. Àjà náà dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Tíṣà," ni alága wí, "ẹ ní ilé ìtàn lẹ fẹ́ fi hàn mí. Búkà nìyí."

Kò sí ohun tí wọ́n sọ sí Tíṣà rí tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó délé, kò jẹun. Ní ọjọ́ kejì ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà, ojú ewé mẹ́rin gbáko, pé èéfín ń ba ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jẹ́. Ọ̀gá àgbà kò ka ju ojú ewé kìíní lọ, ó ní kí wọ́n ṣe bí Tíṣà ṣe wí. Wọ́n kọ́ ilé ìdáná tuntun sí ẹ̀yìn bọ́dìńgì, bíríkì àti páànù, wọ́n gbé sítóòfù gáàsì sí i. Wọ́n fòpin sí igi Sátidé. Ìyá Bọ́dìńgì ṣe ọ̀sẹ̀ méjì nídìí gáàsì náà, ó ní ó ń súfèé sí òun bí ọkùnrin tí kò gbẹ̀kọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ bá ọmọbìnrin rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Kí ó tó lọ, ó dé ẹnu ọ̀nà Tíṣà.

"Tíṣà, mo ń lọ o. Níbo lẹ ó ti máa jẹun?"

Tíṣà wà lórí àkàbà lákòókò náà, ó ń fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ igi àjà. Ó ní, "Ẹ lọ dáadáa." Kò sọ̀ kalẹ̀.

Oṣù kan ló fi fọ àjà náà, pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná, títí igi fi pọ́n. Ó fi ọ̀dà funfun kun ògiri. Ó fa okùn sí ẹnu ilẹ̀kùn gbogbo, ó kọ ọ́ sórí pátákó pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan. Lọ́jọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, bíṣọ́ọ̀bù gbàdúrà níbẹ̀, alága ya fọ́tò níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ní ilé náà dára. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn ti lọ.

Tíṣà gbé àga àti tábìlì sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ìwé àlejò sílẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, ènìyàn méje ló kọ orúkọ. Ní oṣù kejì, ènìyàn méjì. Ọ̀kan nínú àwọn méjì náà ń wá ilé ìyàgbẹ́ ni. Ọlọ́dẹ ń jókòó sí ẹnu géètì báyìí, ìyàwó olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ti rí ọ̀nà tí iná rẹ̀ ń gbà ràn. Baba onídùùrù kú ní ọdún kejì, Tíṣà kò sì tètè gbọ́, nítorí pé ilé ìdáná ni wọ́n ti máa ń gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń se ìrẹsì nínú ìkòkò kékeré kan, ó ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ìgbà mìíràn wà tí yóò ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì dé àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí ó tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ìyẹn nígbà tí ó bá dáhùn Àmín ní ilé ìsìn.

Ní ọdún kẹta, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ó rí ilà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gun ògiri funfun náà. Ó rò pé ọ̀rinrin ni, ó fi aṣọ nù ún. Ní ọjọ́ kẹta, ilà náà ti padà wá, ó mú ẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Tíṣà gun àkàbà, ó tẹ ìka mọ́ igi àjà. Ìka rẹ̀ wọlé bí ẹni tẹ búrẹ́dì.

Wọ́n ránṣẹ́ pe káfíńtà. Káfíńtà náà fi òòlù kan igi níbí, ó kàn án lọ́hùn-ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ikán ti jẹ yín tán. Ta ló ní kí ẹ gbé iná kúrò níbí?"

"Iná wo?"

"Iná tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ni. Ọgọ́rùn-ún ọdún lèéfín fi ń wọ igi yìí lára. Kí ni ikán fẹ́ wá ṣe nídìí igi tó dúdú tó sì korò bẹ́ẹ̀? Àwọn tó kọ́ ilé yìí mọ ìdí tí wọ́n fi gbé ààrò sábẹ́ àjà. Ẹ̀yin wá gun òkè, ẹ fi ọṣẹ fọ oògùn dànù! Kí lẹ kà níwèé gan-an?"

Èyí tó burú ni pé Tíṣà ti kà á. Ó lọ sílé, ó ṣí ìwé ìtàn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ó wà níbẹ̀, ní orí kejì, nínú lẹ́tà tí ìyàwó oníwàásù kọ ránṣẹ́ sílé: ẹni tó ń dáná fún wọn ti kìlọ̀ pé kí iná má ṣe kúrò nínú ilé yìí láé. Tíṣà ti fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: ìgbàgbọ́ asán àwọn ará àtijọ́.

Ó wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀wọ̀. Ó bá Ìyá Bọ́dìńgì lẹ́yìnkùlé ọmọ rẹ̀, òun àti obìnrin mẹ́rin, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí.

"Háà! Ìtàn ti dé!" ni Ìyá Bọ́dìńgì kígbe. "Ẹ sáré gbé àga fún un, kó má lọ kú sí wa lọ́rùn, kí á tún máa tọ́jú òun náà. Tíṣà, kí ló gbẹ yín báyìí? Ẹ ò tiẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́."

Wọ́n gbé iyán fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, wọ́n bù kún un, ó tún jẹ ìyẹn. Nígbà tó fọwọ́ tán, ó sọ ọ̀rọ̀ ikán, ó sọ ohun tí káfíńtà wí, ó bẹ Ìyá Bọ́dìńgì pé kó jọ̀wọ́, kó padà wá dáná sí Ilé Àkọ́kọ́, bóyá èyí tó kù yóò dúró.

Ìyá Bọ́dìńgì kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé àtẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Tíṣà, ẹ gbọ́. Ṣé nítorí igi yín lẹ fi wá mú mi, àbí ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ kí n wá?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè Tíṣà. Ó fẹ́ sọ pé láti ọdún mẹ́ta, ẹnìkan kò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ sọ pé orí ìdúró ni òun ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ń wò ó, òun sì jẹ́ àgbà ìjọ. Ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, ó wú ikọ́.

"Ìyá Bọ́dìńgì," ni ó wí, "ilé náà ní ìtàn tó jinlẹ̀."

"Ẹ bá mi kí ìtàn," ni obìnrin náà dá a lóhùn. Ó di iyán yòókù sínú ewé fún un, ó fi ẹran méjì sí i, ó sì mú un dé gáréèjì. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́ sí i. Kò kàn bá a padà lọ ni.

Àjà Ilé Àkọ́kọ́ wó ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, nínú òjò. Kò pa ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọ̀gá àgbà kọ lẹ́tà sí alága, alága fèsì pé ó dun òun dé ọkàn. Ògiri iwájú nìkan ló kù lóòró. Iwájú rẹ̀ ni Tíṣà ṣì ń jókòó sí títí di òní. Láràárọ̀, yóò ṣí ìwé àlejò, yóò kọ ọjọ́ sí orí ewé. Nírọ̀lẹ́, yóò pa á dé.

Ìwọ tí o jókòó síbí yìí, o ti fi Tíṣà rẹ́rìn-ín tó. Jẹ́ ká sọ̀rọ̀ rẹ díẹ̀. O ní ariwo àbúrò ìyá rẹ pọ̀ jù, o wá yàrá fún un níbòmíràn. O ní ọ̀rẹ́ rẹ ìgbà ọmọdé kì í bọ́ bàtà kí ó tó tẹ kápẹ́ẹ̀tì. O ní aládùúgbò rẹ kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn lọ sílé. Gbogbo ẹ̀sùn tó o kà sí wọn lọ́rùn ló jẹ́ òótọ́, n kò bá ọ jiyàn. Ilé rẹ ti wá mọ́ tónítóní, kò sì sẹ́ni tí yóò sọ fún ọ nínú rẹ̀ pé o ti ń ṣìwà hù. Bí o bá fẹ́ pè wọ́n padà, pè wọ́n lónìí, má sì sọ pé nítorí nǹkan mìíràn ni. Sọ pé o nìkan wà. Wọn kò ní pa ọ́. Wọ́n kàn máa fi ọ́ ṣẹ̀sín díẹ̀ ni, ìyẹn náà sì wà lára ohun tí o pàdánù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí, ta ló kan ilẹ̀kùn rẹ?