Káfíńtà Tí Kò Fọ Abọ́ Rí

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan lẹ́bàá ààlà. Káfíńtà ni, irun rẹ̀ sì ti ń funfun. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́kọ sí Lómè, ní ilẹ̀ Tógò. Àwọn àna rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, òun náà kò gbọ́ èdè wọn. Faransé nìkan ni wọ́n lè jọ sọ, bí ó bá kọ́ ọ. Nígbà tí ọmọ náà lóyún, káfíńtà pinnu pé òun kò ní í bẹ ògbufọ̀ kankan lọ́jọ́ ìkómọ. Ó ní ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé jẹ, ẹnu òun náà ni òun yóò fi sọ ọmọ-ọmọ òun lórúkọ. Ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì Faransé tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kọ́ àwọn àgbàlagbà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.

Orí rẹ̀ pé. Ohun tí tíṣà bá kọ sójú pátákó lónìí, yóò ti há a sórí kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Bí wọ́n bá ṣe ìdánwò, òun ló ń ṣe ipò kìn-ín-ní.

Ṣùgbọ́n tíṣà mọ̀ pé èdè kì í gbé ojú pátákó. Nítorí náà, lọ́sàn-án Sátidé, a máa kó wọn jọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Wọn a se ìrẹsì àti ẹja, wọn a ta dráàfù, wọn a kọrin, wọn a wo bọ́ọ̀lù. Obìnrin ará Kútọnu kan tó ń ránṣọ ní ìtòsí a wá bá wọn jókòó. Òfin kan ló wà níbẹ̀: Faransé nìkan ni wọn yóò sọ. Ẹni tí Yorùbá bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni yóò fọ abọ́.

Onídìrí kan wà láàárín wọn tí kì í dákẹ́. Bí ó bá fẹ́ bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, iyanrìn ni yóò béèrè. Wọn a rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Inú a bí i, a ké mọ́ wọn ní Yorùbá: "Ẹ̀yin tí ẹ ń rín mi yìí, ṣé ẹ ò ní jẹ nínú ẹ̀ ni?" Kíá ni wọn a gbé abọ́ fún un.

Káfíńtà a jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Kì í sọ Yorùbá, kì í sọ Faransé. Ó ní àgbà bíi tòun kì í ṣe ẹni tí ọmọdé yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí òun kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dájú, kí òun tó la ẹnu. Àwọn yòókù náà sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Bí tíṣà bá fẹ́ bi í ní nǹkan, onídìrí a ní, ní Faransé, "Ẹ jẹ́ kí Bàbá sinmi." Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún. Kò fọ abọ́ rí. Lójú tirẹ̀, òun ló ń ṣe dáadáa jù.

Nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ọmọ rẹ̀ ń súnmọ́, ìyá ọkọ ọmọ náà pè é lórí fóònù. Ó kí i ní Faransé, ó béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ilé. Gbogbo rẹ̀ ni káfíńtà gbọ́, ó sì mọ èsì rẹ̀. Ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó ṣì ń tún ọ̀rọ̀ tò nínú lọ́hùn-ún kí ó má baà ṣì í sọ. Obìnrin náà ń ṣe "Áló? Áló?" títí ó fi pa fóònù.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ pè é. "Bàbá mi, kí ni wọ́n ṣe fún yín? Màmá kí yín, ẹ ò dá wọn lóhùn. Wọ́n ní bóyá inú yín ò dùn pé mo fẹ́ ọmọ àwọn. Wọ́n ń bi mí bóyá ẹ máa wá síbi ìkómọ rárá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ní òun ń bọ̀, ẹnu ara òun ni òun yóò sì fi ṣàlàyé fún wọn. Ohun tí ó pè ní iyì ti di ìwọ̀sí létí àna rẹ̀.

Nígbà tí Sátidé dé, kò lọ sídìí ògiri. Ó dúró láàárín wọn. "Yorùbá ni màá fi sọ èyí, ẹ gbé abọ́ dè mí. Láti òní lọ, ẹ má pè mí ní Bàbá nínú ọgbà yìí mọ́. Ọmọ ọdún méjì ni mí níbí. Bí mo bá ṣì í, ẹ rín mi. Bí mo bá dákẹ́, ẹ má gbà fún mi."

Onídìrí kúnlẹ̀. "Ẹ̀rù yín ló ń bà wá, sà."

"Ẹ̀rù yẹn ló fẹ́ ba ilé ọmọ mi jẹ́."

Ó fọ abọ́ lọ́jọ́ náà. Ará Kútọnu dúró tì í, ó ń dárúkọ ṣíbí, ó ń dárúkọ ọṣẹ, òun náà ń pè é tẹ̀ lé e, ó ń ṣì í pè. Onídìrí ló kọ́kọ́ gbójú, ó ní, ní Faransé, "Ẹ wá wo ọmọ ọdún méjì tó hu irùngbọ̀n!" Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ara ń ta á, ṣùgbọ́n kò sinmi. Kò sí Sátidé tí kò ṣì í sọ lẹ́yìn náà, kò sì padà sórí bẹ́ǹṣì mọ́.

Ọmọ dé, obìnrin ni. Káfíńtà wọkọ̀ lọ sí Lómè. Nígbà tí wọ́n ní kí bàbá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀, ó dìde. Ó kọjú sí ìyá ọkọ, ó sọ ní Faransé pé ẹ̀rù ló ba òun lórí fóònù lọ́jọ́sí, òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ní òun sọ ọmọ náà ní Ibídàpọ̀. Ó fẹ́ sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sá mọ́ ọn lẹ́nu. Kò jókòó. Ó na ọwọ́ kan sí ọmọ rẹ̀, ó na ìkejì sí àwọn àna, ó wá pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe èyí. Ìyá ọkọ ló sọ ọ́ fún un. Ó pè é, kò tọ̀nà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó tún un pè. Obìnrin náà dìde, ó gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí ò ń kọ́ èdè, wọ́n pè ọ́ sí ìpàdé Sátidé, o ní o kò tíì mọ̀ ọ́n tó. Ta ni yóò sọ fún ọ lọ́jọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n tó? Má ṣe fi ọjọ́ orí rẹ dí ara rẹ lẹ́nu. Bí o bá sì kéré, má ṣe fi ìbọ̀wọ̀ dí àgbà lẹ́nu. Ẹnìkan wà níbì kan tó ń dúró de ohùn rẹ, kò sì mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ rẹ túmọ̀ sí. Dìde, lọ bá wọn, kí o sì fèsì.