Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Àjíbóyè Kò Lè Fi Ẹnu Sọ

Nọ́ọ̀sì kan wà tí ń jẹ́ Ìbídùn, ọmọ Ìkọ̀lé, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà sí ìlú rẹ̀. Wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe ni wọ́n fi í sí, níbi tí wọ́n ń gbé àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá kékeré sí. Ibùsùn mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ló ní rọ́bà lọ́nà ọ̀fun, tí ẹ̀rọ ń bá wọn mí. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá sì ti le tó láti sọ̀rọ̀, wọn a gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni Ìbídùn ṣe ń tọ́jú àwọn ènìyàn tí kò mọ ohùn wọn.

Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì jọ ń gbé ní ọgbà àwọn nọ́ọ̀sì. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni àwọn mẹ́ta yòókù gba ìlú òyìnbó lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù. Nígbà tó yá, ó di ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tó tún yá, ó di ọjọ́ ọdún. Ìyá Ìbídùn tí ì bá máa pè é ti kú. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á se ìrẹsì díẹ̀ nínú ìkòkò tó kéré jù lọ, á jẹ ẹ́ lórí ìdúró, á sùn. Nígbà mìíràn tó bá fẹ́ kí ènìyàn, ohùn rẹ̀ á há, nítorí ó ti pẹ́ tó ti lò ó. Bí wọ́n bá sì bi í pé ṣé àlàáfíà ni, á ní, "Mo wà dáadáa."

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé bàbá kan dé tí ń jẹ́ Àjíbóyè, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì. Ìfun rẹ̀ ló lọ́ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Rọ́bà wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, wọ́n sì fi báńdéèjì so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ irin ibùsùn kí ó má baà fà á yọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ara bàbá kò lélẹ̀ mọ́. Ó ń ju orí sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀rọ sì ń han gooro.

Dókítà Fálàdé, tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù náà, wo ìwé, ó wo ẹ̀rọ.

"Orí bàbá ló dàrú díẹ̀," ó ní. "Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì, ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, kí ó sinmi." Ó kọjá sí ibùsùn kejì.

Ìbídùn fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàbá, ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ó dúró. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú kì í woni báyìí. Bàbá tẹjú mọ́ ọn, ó wá yí ojú sí ìsàlẹ̀ ibùsùn. Ó tún wò ó, ó tún yí ojú síbẹ̀.

"Bàbá, ṣé nǹkan ń dùn yín? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣẹ́jú."

Bàbá ṣẹ́jú.

"Ṣé ikùn ni?"

Kò ṣẹ́jú.

"Ṣé ẹsẹ̀ ni?"

Bàbá di ojú rẹ̀ pinpin, omijé sì ṣàn sí etí rẹ̀.

Ìbídùn ká aṣọ ìbora kúrò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Ti òsì tutù bí omi àmù, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣá. Ó fi ìka wá ibi tí iṣan ti ń lù, kò bá nǹkan kan.

"Dókítà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá! Ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ yìí mọ́!"

Dókítà fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ yí padà. Ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí iṣan náà pa. Wọ́n sáré gbé bàbá padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ náà láàyè. Ká ní oorun ti gbé e lọ ni, ẹsẹ̀ ì bá kú, bóyá ẹni tó ni ín ì bá sì bá a lọ.

"Ta ló sọ fún yín?" Dókítà bi í lẹ́yìn náà. Ìtìjú ti mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Bàbá fúnra wọn ni."

Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n yọ rọ́bà náà. Ìbídùn mọ̀ pé wọ́n máa gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ó ń ká àwọn aṣọ bàbá jọ nígbà tó gbọ́ ohùn kan tó há.

"Nọ́ọ̀sì."

"Bàbá! Ẹ kú ewu o."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Mo wà dáadáa, Bàbá."

Bàbá mi orí. "Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbí, mi ò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí n máa wò ọ́ lọ. Ẹnu rẹ ló wà dáadáa. Ọmọ mi, ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ nílé?"

Ìbídùn fẹ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ há.

"Má wulẹ̀ dáhùn," bàbá ní. "Ìwọ náà ò dúró de ẹnu mi. Mo ti gbọ́."

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé bàbá lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn. Ìbídùn tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí ibùsùn tó ṣófo náà, ó ń sunkún, kò sì nu ojú.

Gbogbo ẹni tó bẹ bàbá wò ló gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì gbé e délé. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un, tó fi jẹ́ pé bí ẹnu ẹnìkan bá ń sọ pé àlàáfíà ni, wọn kì í gba ẹnu náà gbọ́ títí wọn yóò fi wo ojú onítọ̀hún, wọn a sì pa á lówe pé: ojú lọ̀rọ̀ wà.