Ìdí Tí Ẹnu Alákàn Fi Ń Hó

Nígbà láéláé, nígbà tí òkúta ṣì rọ̀ tí ẹja ṣì ń kọrin, ìlú kan wà lórí òkè tí wọ́n ń pè ní Òkè Adágún. Adágún omi ńlá kan ló wà láàárín ìlú náà. Omi rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ tó bá ń fò lókè lè ka ìyẹ́ apá ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù. Ariwo kò sí.

Àwọn ẹranko pẹ̀tẹ́lẹ̀ fẹ́ràn ibẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú, tí eruku bá ti bo ìlú wọn, wọn á di ẹrù, wọn á gun òkè. Wọ́n ń lọ wo omi. Wọ́n ń lọ jẹun. Wọ́n ń lọ sùn.

Ilé Alákàn ni wọ́n máa ń wọ̀ sí. Nígbà náà, Alákàn kì í gbé inú ihò. Ilé ńlá ló ní létí omi. Ilẹ̀kùn rẹ̀ gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí Erin lè gba ibẹ̀ kọjá láì tẹ orí ba. Alákàn sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Kò sí ẹni tó mọ àlejò kí bíi tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ohùn Alákàn ni àwọn ẹranko ṣe ń gun òkè. Nítorí Àwẹ̀ró ni.

Àwẹ̀ró ni ìyàwó Alákàn. Òun ló ń se ọbẹ̀ ìṣápá tí òórùn rẹ̀ máa ń pàdé àlejò ní agbede òkè. Ó mọ ẹnu oníkálukú. Ó mọ̀ pé Àgbò fẹ́ràn iyọ̀. Ó mọ̀ pé ata kì í bá Pẹ́pẹ́yẹ lára mu, ó sì máa ń bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó tó da ata sí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ò ní fẹ́, ó ń tọ́jú rẹ̀ de Ọ̀bọ. Bí òtútù orí òkè bá sì dé, yóò yan òkúta nínú iná, yóò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e, yóò tì í sí ẹsẹ̀ àlejò kọ̀ọ̀kan lórí ẹní. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sùn kẹ́yìn.

Ìlú náà ní àṣà kan. Àlejò kì í sọ ẹrù kalẹ̀ kí ó tó bèèrè àwọn ará ilé. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa dá orúkọ wọn: "Lágbájá ńkọ́? Tàmẹ̀dò ńkọ́?" Onílé yóò máa dáhùn pé, "Ó wà." Ìgbà tí ó bá bèèrè gbogbo wọn tán ni yóò tó wọlé.

Bí ẹnìkan bá kú nínú ilé, onílé kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ túfọ̀ fún àlejò. Aládùúgbò pàápàá kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Àlejò ni yóò bèèrè, kí wọ́n tó dá a lóhùn. Àwọn àgbà ní, ẹni tó bá fi ayé rẹ̀ bọ́ àlejò, ẹnu àlejò ni yóò bèèrè rẹ̀ kí ó tó lè sinmi. Títí wọn yóò fi bèèrè, ìkòkò rẹ̀ kì í kúrò lórí ààrò.

Àṣà tó rọrùn ni. "Ńkọ́" kò wúwo lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún kan, ní àárín òjò, ara Àwẹ̀ró gbóná. Ó ní kò sí ohun tó ṣe òun. Ó gbá ilé, ó dùbúlẹ̀. Kò dìde mọ́.

Àwọn ará ìlú sin ín sí etí omi. Wọ́n bá Alákàn sunkún, wọ́n sì padà sílé wọn. Ìkòkò Àwẹ̀ró wà lórí ààrò, ó ń dúró de àlejò. Alákàn náà ń dúró.

Ó ti to ìdáhùn rẹ̀ sẹ́nu: "Àwẹ̀ró ò sí mọ́. Ó dàgbére fún yín." Láràárọ̀, á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ọ̀nà òkè, á máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ fún ara rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́ dáadáa. Ó fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ sinmi.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Àwọn àlejò dé.

Àgbò ló ṣíwájú. Ọ̀bọ tẹ̀lé e. Pẹ́pẹ́yẹ ń bọ̀ lẹ́yìn tòun ti ẹrù, ó ń mí hẹlẹ. Alákàn dìde.

"Ẹ kú ilé o!" Àgbò kígbe.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn," ni Alákàn wí. Ó dúró.

"Ẹsẹ̀ ń ro mí," ni Àgbò wí. Ó fi ìwo ti ilẹ̀kùn, ó wọlé.

"Ẹ wo omi yìí!" Ọ̀bọ ti gun orí òrùlé. "Ẹ wá wò ó o! Ó tún mọ́ ju tèṣí lọ!"

Pẹ́pẹ́yẹ dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Alákàn tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀.

"Bàbá," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí, "ilé..."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," ni Alákàn yára wí. "Ilé..."

"Ilé yín yìí mà tutù dáadáa o. Níbo ni kí n sọ ẹrù sí?"

Alákàn nawọ́ hàn án.

Nígbà tí ebi dé, Alákàn wọ ilé ìdáná lọ. Kò fọwọ́ kan ìkòkò Àwẹ̀ró. Ó yá ìkòkò lọ́wọ́ Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́, aládùúgbò rẹ̀, ó se ìwọ̀nba tí ó mọ̀ ọ́n sè, ó gbé e síwájú wọn.

Àgbò tọ́ ọ wò, ó yọ ahọ́n. "Iyọ̀ dà? Ṣé omi adágún lẹ bù sínú abọ́ yìí ni?"

"Ata!" Pẹ́pẹ́yẹ ń sáré kiri. "Ẹ gbà mí o, ata!"

"Èmi ni mo sè é," ni Alákàn wí. Ó rò pé wọn yóò bèèrè ìdí rẹ̀.

"Abájọ!" ni Ọ̀bọ wí. "Gbogbo ọwọ́ gbogbo ẹsẹ̀ yìí, kò sí èyí tó mọ ọbẹ̀ sè níbẹ̀!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Mo bi yín, ẹ̀yin ọmọ. Ilé tí ẹ ti ń jẹun lọ́dọọdún, bí ọbẹ̀ ibẹ̀ bá yí padà lójijì, ṣé iyọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè? Wọ́n bèèrè iyọ̀. Wọ́n bèèrè omi. Wọ́n bèèrè ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọn ò bèèrè ẹni tó ń fún wọn.

Ilẹ̀ mọ́, Àgbò ń ráhùn. "Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Òkúta gbígbóná tí wọ́n máa ń tì sí wa lẹ́sẹ̀ dà? Ilé yìí ti bàjẹ́ pátápátá."

Àgbò tí irun bò láti ọrùn dé ìrù ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilé rẹ̀. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Àṣà kò jẹ́ kí ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí àṣà tó ní kí ó má fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ẹni. Ó lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí létí omi.

"Ẹ kú ìgbádùn o," ni ó wí.

"Ẹ̀yin náà ẹ kú," ni Ọ̀bọ wí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹnu rẹ̀.

"Ṣé ẹ ò rí ohun tó yàtọ̀ nínú ilé yẹn?"

"A rí i," ni Àgbò wí. "Ọbẹ̀ ni."

"Yàtọ̀ sí ọbẹ̀."

"Ẹní wọn ò nípọn mọ́."

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ tún gbìyànjú. "Ṣé ẹ ò rí i pé ilé náà dákẹ́?"

"Háà, Ìyá!" Ọ̀bọ nà gbalaja sórí koríko. "Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an la tìtorí rẹ̀ wá. Ní èṣí, ẹnìkan ń kọrin ṣáá nídìí ààrò láti àárọ̀ kùtù. Ti ọdún yìí dára jù."

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó bẹ́ sínú omi, nítorí bí ó bá dúró síbẹ̀, yóò tutọ́ sí i lójú.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń jẹ, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń yin omi, títí ọjọ́ àtilọ fi pé.

Wọ́n di ẹrù. Alákàn lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà gbòòrò náà. Bí wọ́n bá lọ láì bèèrè, ó di ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn kí Àwẹ̀ró tó sinmi. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ń gbóná.

Àgbò kọjá. "Ó dàbọ̀ o. Ẹ wá nǹkan ṣe sí ẹní yẹn."

Pẹ́pẹ́yẹ kọjá. "Bàbá, ẹ ṣé o. Omi yín dára."

Ọ̀bọ ló jáde kẹ́yìn. Ilé ìdáná ló ti ń bọ̀. Orógùn Àwẹ̀ró wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n gbé dábùú orí ìkòkò rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín.

"Mo mú èyí ṣe ìrántí," ni ó wí. "N ó máa fi họ ẹ̀yìn. Àti pé, ẹ bá mi sọ fún obìnrin yẹn, kí ló tiẹ̀ ń jẹ́? Ẹ sọ fún un kí ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀ kí á tó dé lẹ́ẹ̀mìíràn. Ọ̀lẹ ò dáa."

Ọ̀lẹ!

Alákàn la ẹnu. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti tò síbẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bèèrè. Ọ̀bọ kò sọ pé "ńkọ́." Kò mọ orúkọ tí yóò fi ṣíwájú rẹ̀ pàápàá. Àṣà sé ọ̀nà mọ́ ọ̀rọ̀ náà, ìbínú sì ń koná mọ́ ọn nídìí. Ó ń hó nínú ẹnu Alákàn bí omi inú ìkòkò. Ó hó, ó hó, ó kún, ó di ìfófó funfun, ó ń yọ létí ẹnu rẹ̀.

"Kí ló ń yọ lẹ́nu yín un?" Ọ̀bọ ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọṣẹ lẹ jẹ ni?"

Alákàn na ọwọ́. Ọwọ́ yẹn kò ṣe nǹkan mìíràn rí ju kí ó gba ẹrù lórí àlejò. Ó fi gbá ọwọ́ Ọ̀bọ mú, ó sì fún un pinpin. Ọ̀bọ ké. Àgbò sáré padà, ó fẹ́ kàn án. Alákàn fi ọwọ́ kejì mú Àgbò nímú. Kò fi wọ́n sílẹ̀ àfi ìgbà tí orógùn bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ wo onílé tó ń gé àlejò jẹ!" Àgbò ń ké bí ó ti ń sáré sọ̀kalẹ̀. "Ayé ti bàjẹ́ o! Kí la ṣe fún un?"

Kí ni wọ́n ṣe fún un? Wọn ò tiẹ̀ mọ̀.

Alákàn gbé orógùn wọlé. Ó ko ẹrẹ̀ etí omi, ó fi ń dí ilẹ̀kùn náà. Ó ń dí i, ẹnu rẹ̀ ń hó. Ihò kékeré kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, èyí tí òun nìkan lè gbà. Ìyẹn náà, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi kọjá.

Ní agbede òkè, Ọ̀bọ ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ rẹ̀, Àgbò ń fi koríko nu imú. Pẹ́pẹ́yẹ dúró.

"Àwẹ̀ró," ni ó wí.

"Kí ló jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ni Àgbò bèèrè.

"Obìnrin yẹn. Àwẹ̀ró ló ń jẹ́. Òun ló máa ń bu tèmi sọ́tọ̀. A ò rí i láti ìgbà tí a ti dé, a ò sì bèèrè rẹ̀."

"Máa bọ̀ jàre," ni Ọ̀bọ wí. "Ọwọ́ mi ń wú, ò ń sọ ti ọbẹ̀."

Pẹ́pẹ́yẹ sọ ẹrù sílẹ̀. Ó yí padà, ó ń gun òkè. Àwọn méjì yòókù ò dúró dè é.

Nígbà tí ó dé etí omi, kò bá ilẹ̀kùn mọ́. Ó bá ihò. Ó dúró lẹ́nu rẹ̀, ó tẹ ọrùn gígùn rẹ̀ ba.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí. "Àwẹ̀ró ńkọ́?"

Lẹ́yìn náà Alákàn yọ, ẹ̀gbẹ́ ló fi jáde. Ó la ẹnu láti dáhùn. Ó ti ń dúró de ìbéèrè yẹn láti àárín òjò. Ó tiraka. Ìfófó ló jáde. Ó tún tiraka. Ìfófó ni. Ohùn tútù náà ti hó gbẹ.

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ yọjú láti inú omi. Wọ́n ti bèèrè. Ó lè sọ̀rọ̀ báyìí.

"Kò sí mọ́, ọmọ," ni ó wí. "Ohun tí bàbá ń sọ fún ọ nìyẹn."

Pẹ́pẹ́yẹ jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Nígbà tí ó sunkún tán, òun àti Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ díẹ̀ kúrò, wọ́n gbé ìkòkò Àwẹ̀ró kúrò lórí ààrò, wọ́n dojú rẹ̀ dé. Alákàn tún dí ibẹ̀ padà. Àwẹ̀ró sinmi. Ohùn Alákàn kò padà.

Láti ọjọ́ náà ni alákàn ti ń gbé inú ihò, tí ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, tí ó sì ń fún ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti ọwọ́ bọ ilé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà sì ni ẹnu rẹ̀ ti ń hó. Àwọn tí kò mọ̀ ní inú ló ń bí i. Inú ń bí i lóòótọ́, ó sì yẹ kó bí i. Ṣùgbọ́n ohun tó ń hó lẹ́nu rẹ̀ yẹn, ìdáhùn ni. Wọn ò bèèrè rẹ̀ lásìkò.