Ẹbọ Òróró Orúnkún

Orúnkún Abógunrìn ló kọ́kọ́ kọ ogun sílẹ̀, kó tó di pé òun fúnra rẹ̀ gbà pé ogun ti sú òun. Jagunjagun ni ní ìlú Ìdókè. Lọ́dún tí wọ́n dó ti àwọn ọ̀tá létí àbàtà, inú omi ni wọ́n dúró sí títí òjò fi dá. Wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n jó wálé, ṣùgbọ́n làkúrègbé bá a wálé. Láàárọ̀, kó tó lè dìde lórí ẹní, àfi kó di ògiri mú. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ a gbé omi gbígbóná wá fún un.

Jókòó dáadáa, ọmọ mi, má tíì wọ bàtà ṣọ́jà rẹ. O ní kí n fi owó ẹyọ wo ohun tó ń bẹ níwájú rẹ, ìtàn tó jáde fún ọ nìyí. Àwọn tí mo ti sọ ọ́ fún ṣáájú rẹ kò níye, àwọn tó gbọ́ nínú wọn kò tó nǹkan, ó sì ti rẹ̀ mí.

Ní Ìdókè, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, Balógun a máa dán àwọn ọmọ ogun wò lọ́dọọdún. Wọn a gbé apata, wọn a sá gun òkè ẹ̀yìn ìlú, wọn a sì sá padà. Wọn a gbé kèrègbè omi kọ́ sára igi, wọn a lu ihò sí i nídìí, wọn a sì dí i títí eré yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí omi bá tán kó tó dé, ogun ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bíbọ́ kò rí bákan náà. Ẹni tí àìsàn dí lọ́wọ́, tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣí ihò kèrègbè, tí oníṣègùn ìlú yẹ̀ ẹ́ wò tó sì rí i, Balógun a tú u sílẹ̀ pẹ̀lú ọlá, ilé rẹ̀ ní àdúgbò ológun kò sì ní kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ tó sì kùnà, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Wọn a gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun, aya àtọmọ a sì di ẹrù wọn jáde nílùú kí oòrùn ọjọ́ kejì tó ga.

Òfin náà dára. Ta ló ń lò ó? Àwọn ọmọ ogun Ìdókè gbà pé ẹni tó bá dárúkọ àìsàn ara rẹ̀ ti ṣépè fún ara rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n ní òróró kan, àdín tí wọ́n fi ewé àti egbò sè. Bí wọ́n bá fi pa oríkèé tó wú, wíwú náà a rọlẹ̀, ìrora a sùn díẹ̀. Kò wò ó sàn o. Ó kàn ń bò ó ni.

Jagùnmólú, ọ̀rẹ́ Abógunrìn, jọ dúró nínú àbàtà yẹn pẹ̀lú rẹ̀, orúnkún tirẹ̀ náà sì ń dùn ún. Inú àdó kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń bu òróró. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, tí òróró náà kò ṣiṣẹ́ dé ọ̀sán mọ́, ẹ̀rù bà wọ́n pé ilé àwọn ń lọ. Wọ́n fa ewúrẹ́ kan, wọ́n tọ Ẹfúnyẹmí lọ, ìyá arúgbó tí ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún níwájú Òrìṣà Ńlá.

Ìyá dà á, ó wò ó pẹ́, ó mí kanlẹ̀.

“Ẹ so ewúrẹ́ yín síta. Òrìṣà kò béèrè ẹran.”

“Kí ló béèrè, Ìyá?” Abógunrìn ló bi í.

“Àdó tó wà lábẹ́ aṣọ yín. Ẹ dà á nù ní oríta. Ẹ má fi nǹkan kan pa orúnkún yín mọ́, ẹ jẹ́ kó wú. Kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, ẹ tiro la ọjà kọjá lọ bá Balógun, kí gbogbo ayé rí yín, kí ẹ sì fẹnu ara yín sọ ọ́.”

Jagùnmólú bú sẹ́rìn-ín. “Ẹbọ wo nìyẹn? Kí èmi máa tiro láàárín ọjà, kí àwọn obìnrin máa káàánú mi? Ká má rí i! Ẹ gba ewúrẹ́ yìí, Ìyá, kí ẹ bá wa bẹ òrìṣà.”

“Mi ò gbà á. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò ní gbọ́ràn.”

Ní oríta, Abógunrìn da ìdajì òróró sílẹ̀. Jagùnmólú já àdó gbà, ó ní ìdajì tó kù, tòun ni.

Ojú Abógunrìn rí màbo. Orúnkún wú, oorun dá. Lọ́jọ́ tó la ọjà kọjá, ẹnì kan kígbe pé, “Ọ̀lẹ ti dé o!” Ó ń tiro lọ. Ìyá àgbà kan sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.” Pẹ̀lẹ́ yẹn dùn ún ju ọ̀lẹ lọ.

Níwájú Balógun, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó sì sọ ọ́. Oníṣègùn tẹ orúnkún náà, ojú ìka rẹ̀ sì jìn síbẹ̀. Ó ní ọkùnrin yìí kò lè sáré mọ́ láyé. Balógun wo orúnkún náà.

“Ṣé inú àbàtà yẹn ni?” ló bi í.

“Ibẹ̀ náà ni, Baba.”

“Èmi ni mo ní kí ẹ dúró síbẹ̀,” ni Balógun wí. Ó tú u sílẹ̀ pẹ̀lú ọlá, ó fi í ṣe olórí àwọn oníbodè. Abógunrìn délé, ó sunkún. Àwẹ̀ró rò pé wọ́n ti lé wọn ni, àṣé ogun tí kò ní lọ mọ́ ló ń sun.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Jagùnmólú ti fi òróró pa orúnkún rẹ̀ tán, ó tilẹ̀ jó níwájú Balógun kó tó gbé apata. Wọ́n ṣí ihò kèrègbè. Ó sáré, ó gun òkè, ó kọjá lára àwọn ọ̀dọ́. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni orúnkún yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Omi tán nígbà tó ṣì ń rá bọ̀.

“Orúnkún mi ni!” ló ń ké. “Làkúrègbé ni!”

Oníṣègùn tẹ ibẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ojú ara ń dán, kò wú rárá. “Balógun, èmi ò rí nǹkan kan.”

Jagùnmólú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òróró. Àwọn ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín. Balógun ní, “Ìwọ tí o jó lójú mi láàárọ̀ yìí?” Wọ́n gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, Abógunrìn wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ní ibodè nígbà tí Jagùnmólú dé pẹ̀lú ẹrù lórí, ìyàwó àtàwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Òróró ti gbẹ lára. Ó ká ṣòkòtò sókè, orúnkún náà tó orí ọmọ tuntun.

“Wò ó, Abógunrìn. Ó ti wú. Jọ̀ọ́, bá mi pè wọ́n kí wọ́n wá wò ó.”

“Mo rí i,” ni Abógunrìn wí. Ihò kèrègbè ti ṣí kó tó sọ ọ́, kò sí ẹni tó lè pè mọ́. Ó gba ẹrù lórí ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ tiro dé ibi tí ilẹ̀ Ìdókè parí sí. Ibẹ̀ ló ti gbé ẹrù náà padà lé e lórí.

Abógunrìn tó rúbọ darúgbó nínú ilé ara rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká. Jagùnmólú tó fi ẹbọ ṣe yẹ̀yẹ́ fi ìka àbámọ̀ bọnu nílẹ̀ onílẹ̀.

Ọmọ mi, ìdánwò eré tiyín ń bọ̀ lọ́la. Láti ìgbà tí o ti wọlé ni mo ti ń gbóòórùn ìpara lára rẹ. Mú un jáde nínú àpò rẹ, gbé e sílẹ̀ níbí, kó o lọ bá dókítà yín.