Bí Òkété Wolé-wolé Ṣe Kan Ilẹ̀kùn Ara Rẹ̀

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Àlọ́ mi kò fò, kò rin ìrìn jìnnà. Ẹnu ọ̀nà ilé onílé ló dúró sí, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Àgò onílé o." Ta ni? Òkété wolé-wolé ni.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí gbogbo ẹranko jọ ń gbé ìlú kan, ìdọ̀tí gba ìlú náà. Igbó hù dé ojú fèrèsé. Eṣinṣin pọ̀ débi pé bí ẹnìkan bá yanu kí aládùúgbò rẹ̀, kó tó parí "ẹ káàárọ̀," ó ti gbé eṣinṣin mì. Inú ń run àwọn ọmọ Ewúrẹ́ lójoojúmọ́. Ni Ẹfọ̀n, ọba wọn, bá ṣe òfin: ohunkóhun tó bá ń rùn, tàbí tó bá dí ọ̀nà, kí wolé-wolé gbé e lọ dà sí ààtàn.

"Ta ni yóò wá ṣe wolé-wolé?" ni ọba bèèrè.

Òkété dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ gba imú mi síṣẹ́. Bí èèrà bá só lókè odò, èmi á gbọ́ òórùn rẹ̀ níhìn-ín."

Irú imú bẹ́ẹ̀ wu ọba. Wọ́n fún Òkété ní fìlà kakí àti ọ̀pá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Ó ní kí Ìgbín ro iwájú ilé rẹ̀, Ìgbín sì ń ro ó lọ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ó di ọjọ́ kan, ó dé ilé Pẹ́pẹ́yẹ, ìyá arúgbó tó ń dá gbé. Ó bá ẹ̀pà tí ìyá sá sórí ẹní. Ẹ̀pà náà gbẹ, ó ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́. Itọ́ dà lẹ́nu Òkété.

"Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ̀pà yín dí ọ̀nà."

"Ọ̀nà wo, wolé-wolé? Ẹ̀yìnkùlé mi nìyí."

"Ṣé èmi kọ́ ló ń gba ibẹ̀ kọjá yìí? Ibi tí ẹsẹ̀ ìjọba bá gbà, ọ̀nà ni."

Kí ìyá tó fèsì, Òkété ti kó ẹ̀pà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó kó sí tòsì, ó fi ẹní di ìyókù, ó rù ú. Kò gba ọ̀nà ààtàn. Ilé ara rẹ̀ ló gbé e lọ.

Bó ṣe dùn mọ́ ọn nìyẹn. Ó kọjá sí ilé Ewúrẹ́.

"Ewúrẹ́, iṣu rẹ ń rùn."

Ewúrẹ́ gbé iṣu sí imú. "Òórùn kí ni?"

"Òórùn iṣu."

"Òórùn kí ni o fẹ́ kí iṣu máa rùn?"

"Òfin kò ní kí n dáhùn ìbéèrè," ni Òkété wí, ó sì kó iṣu lọ. Iṣu yẹn ni àwọn ọmọ Ewúrẹ́ ìbá jẹ títí di ìkórè. Omi lásán ni wọ́n mu sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tó yá, bí àwọn ọmọdé bá ti gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀, wọn a dá orin:

*Wolé-wolé ń bọ̀ o,*
*Ẹ gbé ìkòkò pamọ́.*
*Ọbẹ̀ ìyá mi kò rùn o,*
*Ẹ gbé ìkòkò pamọ́.*

Òkété kò bìkítà. Iṣu àti àgbàdo ará ìlú kún ilé rẹ̀ dé àjà. Orí òkìtì iṣu ló ń gùn kó tó rí ibi sùn. Ògiri ń là, kò rí i. Òjò dé, òrùlé ń jò, kò ráyè tún un ṣe. Ilé onílé ló ń wò kiri. Iṣu rà. Àgbàdo bu. Òórùn jáde, ó gba gbogbo ìlú. Òkété tó ń sùn sáàárín rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan, ó ti mọ́ imú rẹ̀ lára.

Ọba pe gbogbo ìlú jọ. "Wolé-wolé, wá ilé tó ń rùn yìí. A ó tẹ̀ lé ọ. Ohun tí a bá bá níbẹ̀, onílé ni yóò fi orí ara rẹ̀ rù ú dé ààtàn."

Òkété kò mọ ibi tí òórùn ti ń wá, ó kàn mú wọn lọ sí etí odò. Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tútù ti fọ imú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe yí padà báyìí, òórùn gbá a lójú, imú rẹ̀ sì sọ fún un ibi tó ti ń wá. Ó yára na ọ̀pá sí Ìgbín. "Ilé tirẹ̀ ni."

"Ilé mi ló wà lẹ́yìn mi yìí," ni Ìgbín wí. "Kábíyèsí, ẹ gbóòórùn rẹ̀."

Ọba gbé imú sí i. Kò rùn.

Pẹ́pẹ́yẹ rọra sọ̀rọ̀. "Kábíyèsí, ilé kan wà tí wolé-wolé kò wò rí."

"Wolé-wolé kì í wo ilé ara rẹ̀," ni Òkété sáré wí.

"Òfin tí mo ṣe kò sọ bẹ́ẹ̀," ni ọba fèsì. Ó mú gbogbo wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà Òkété. "Kan ilẹ̀kùn."

Òkété kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀. "Àgò onílé." Ó yí ohùn padà, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu dáhùn: "Onílé ti lọ sóko."

"Ta ló dáhùn yẹn?"

"Onílé ni, Kábíyèsí."

"Onílé tó lọ sóko?"

Òkété ju ọ̀pá sílẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Gbìì! Iṣu jíjẹrà wó lé e, àgbàdo bíbu tẹ̀ lé e, ìrù rẹ̀ nìkan ló kù níta. Àwọn ọmọ Ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Òkété ru gbogbo rẹ̀ dé ààtàn. Ọba kó iṣu láti oko ara rẹ̀ fún Ewúrẹ́, ó sì fi ẹ̀pà rẹ̀ san ti Pẹ́pẹ́yẹ. Ilé Òkété tí ògiri rẹ̀ ti là, wọ́n wó o kó má baà pa aládùúgbò. Òkété tọrọ ilẹ̀ láti kọ́ òmíràn, kò sẹ́ni tó fún un. Ó wọ igbó lọ gbẹ́ ihò. Títí di òní, bó bá rí oúnjẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń kó o sí, á sáré wọlé, á fi yẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ihò, kí ẹnikẹ́ni má baà wá wò ó.

Pẹ́pẹ́yẹ ni ọba fi rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyá gba iṣẹ́, ilé tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, ó sì bá ara rẹ̀ wí gan-an nítorí ìyẹ́ tó wà lábẹ́ ibùsùn.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tí a ní kó máa wo ìdọ̀tí ìlú, kó gbá iyàrá tirẹ̀ ná, òfin ìlú kì í ṣe agbọ̀n tí a fi ń kó oúnjẹ aládùúgbò. Bí mo bá parọ́, kí eṣinṣin bà lé mi lẹ́nu. Ẹ wò ó, kò bà. Ó yá, ẹ lọ tẹ́ ẹní yín.