Ààlè Tí Ehoro So Mọ́ Igi Ìbẹ́pẹ

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi gbè é.

Ní ìgbà kan rí, ọyẹ́ mú ní ìlú àwọn ẹranko, ikọ́ gbígbẹ mú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì dé Àkùkọ náà lọ́fun. Òun ló máa ń kọ ní ìdájí kí ará ìlú tó jí lọ sóko. Ní báyìí, bó bá lanu, “hẹ̀, hẹ̀” ló kù. Àwọn àgbà ní bí kò bá kọ ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún Àparò. Àkùkọ ní iṣẹ́ bàbá òun kò ní í bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Akọ ìbẹ́pẹ kan wà lẹ́bàá ọ̀nà odò. Kì í so, òdòdó nìkan ló ń yọ. Kò sẹ́ni tó gbìn ín. Òdòdó rẹ̀ ni wọ́n máa ń sè, tí wọ́n ń fi oyin mu fún ikọ́. Ehoro wá so àjákù ìgbálẹ̀ mọ́ igi náà, ó fi ṣe ààlè. Ó gégùn-ún pé ọwọ́ tó bá já òdòdó ibẹ̀, kí ikọ́ má fi ọlọ́wọ́ náà sílẹ̀. Ó ní ìgbà tí ará ìlú bá kọ gbogbo ebè oko òun tán lòun yóò tú u.

Àwọn aláìsàn yòókù lọ ń kọ ebè, ṣùgbọ́n eruku oko kò bá ikọ́ Àkùkọ mu. Àkùkọ kò sì fẹ́ rú ààlè. Ó jókòó sídìí igi, ó ń ṣa òdòdó tí atẹ́gùn gbọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò tíì tó sè. Ehoro ní kó gbé e sílẹ̀.

“Ọwọ́ lo gégùn-ún fún, Ehoro. Ṣé atẹ́gùn ní ọwọ́ ni?”

“Ìwọ tí o kò lè kọ, ẹnu wo lo fi ń rojọ́?”

Àkùkọ wúkọ́, kò dìde. Ó di ọjọ́ kẹta, àwọn tó ń kọ ebè fi ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n wá jókòó tì í. Inú bí Ehoro. Ó fẹ́ já gbogbo òdòdó náà sínú agbọ̀n tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ń gégùn-ún, kò yọ ọwọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó kọ́kọ́ tú ìgbálẹ̀ náà lójú gbogbo wọn.

Àkùkọ dìde. “Ará ìlú, ẹ̀yin lẹlẹ́rìí. Ẹni tó so ó ló tú u.”

Ó fò sórí igi. Ehoro kò mọ igi gùn. Ó ń fò sókè, ó ń já bọ́. Àkùkọ ń já òdòdó, ó ń jù ú sí àwọn aláìsàn. Nígbà tó délé, ó se tirẹ̀, ó bu oyin sí i, ó mu ún ní lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ karùn-ún, ó lanu. “Hẹ̀.” Ó mu ìyókù inú ìkòkò. Ó gun orí ògiri, ó na ọrùn, ó sì kọ. Àparò pàápàá jí, ó gbé ọkọ́ lọ sóko. Ehoro nìkan ló kọ ìyókù ebè rẹ̀ lọ́dún náà.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ má so ààlè mọ́ ohun tí ẹ kò gbìn. Bí ẹlòmíràn bá sì so ó mọ́ ohun tó jẹ́ ti gbogbo yín, ẹ jókòó tì í, ẹ má dìde.